Ìyá Rẹ Ń Wò Mí Bí Mo Bá Ń Jẹun

Àlímátù ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ooru Dutse Alhaji kò ní pa yín lára o. Àlàáfíà la wà níbí, àfi adìẹ ìyá rẹ tó lọ pamọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, n kò lè lé e, orí ẹní ni mò ń sùn báyìí.

Fóònù tí o fi rán dírẹ́bà láti gáréèjì Jabi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ìyá rẹ yọ sí mi nínú fọ́tò tí o fi sójú rẹ̀, níbi tó dúró sí létí omi Jabi nígbà tó wá kí yín. N kò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Láti ìgbà tí a ti sin ín, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi lọ. Màá ro ọkà, màá jókòó tì í títí yóò fi tutù, màá wá gbé e fún àgbò Iléyá. Àgbò yẹn ti sanra débi pé ó ń mí hẹ́ẹ́ kó tó lè dìde.

Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹnu mi ni ìyá rẹ ń wò. Ṣé èèyàn á wá máa jẹun níwájú ẹnìkejì rẹ̀ kó má ní kó wá jẹun? Mo pè é. Ẹni tó sì pe èèyàn sí oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera, ni mo bá bu òkèlè kan, ni mo bá jẹ ẹ́ tán. Àgbò ń bínú sí mi.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú fóònù kì í pẹ́ ṣókùnkùn. Ẹ̀rù wá ń bà mí kó má lọ fẹ̀yìn rìn bọ́ sómi, o sáà mọ̀ pé kì í wo ilẹ̀ tó bá ń rìn. Ni mo ṣe ń fi ìka tọ́ ọ ṣáá.

Nígbà tí iná rẹ̀ tán, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Sàkáríyà onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, kí n padà wá nírọ̀lẹ́. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé? Kí n fi ìyàwó mi sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, láìsí ìbòrí lórí rẹ̀? Mo fi fìlà mi bò ó, mo jókòó tì í. Sàkáríyà rẹ́rìn-ín débi pé ó fá irun oníbàárà kan kọjá ààlà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ síbẹ̀ báyìí, wọ́n tilẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, ìyá rẹ fẹ́ràn iná jù. Fi owó ẹja kún un, n kò lè máa pe èèyàn sí ọbẹ̀ lásán. Bí Iléyá bá dé, kí ìwọ fúnra rẹ wá. Gbogbo bí mo ṣe ń pe ìyá rẹ tó, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ dá jẹun lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yínúsà