Ife Rọ́bà Abẹ́ Àpáta

Bàbá mi, ẹni tí mo fura sí jù láyé,

Ẹ kú ibẹ̀ o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kí èèyàn báyẹn níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láì kí i. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nílé Màmá, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Màmá wà ní kíṣìnì. Wọ́n rò pé mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mi ò purọ́ fún wọn, wọn ò kàn bi mí ni.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí ọdún kan yín ní Ọ̀kà. Màmá ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní kí obìnrin Etioro lọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó máa gba ẹ-kú-aráfẹ́rakù. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, ó ti sú mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí: mo sùn sóko yín lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ẹ máa ń sọ gan-an nìyẹn tí ẹ bá wọlé láàárọ̀, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Màmá á wò yín látòkè délẹ̀, wọ́n á gbé omi ìwẹ̀ yín kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dà á nù. Èmi náà á wò yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì rò pé mo ti mọ ojú òpùrọ́.

Àṣé ahéré yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ́ ahéré tó dára sí oko ẹ̀yìn òkè, lọ́nà Etioro, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àgádágodo, ẹ wá ní ẹ kì í sùn níbẹ̀. Ẹ ní àgbàdo tí ẹ kó síbẹ̀ ń fa eku, eku ń fa ejò, pé abẹ́ àpáta tó wà lókè odò ni ẹ máa ń sùn. Màmá bi yín pé ta ló ń kọ́lé tán tó ń lọ sùn sórí òkúta. Ẹ ò dáhùn. Kí ló dé tí ẹ kì í dáhùn, Bàbá? Wọ́n wá rán àbúrò wọn, Bọ̀dá Sọjí, pé kó lọ wò yín ní ìdájí. Ó dé ahéré, ó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó padà wá ròyìn. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin kan láti Etioro ti ń bá wa gbélé. A ò rí i rí, a ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ alẹ́ kan tí Màmá ò dárúkọ ìlú rẹ̀ sí.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ mi ló tún wá jẹ́ kí n fura sí yín sí i. Ẹ ní bí ó bá ti ku ìka mẹ́rin kí oòrùn kan orí òkè, tí mi ò sì tíì sọdá odò, kí n má rìn mọ́, kí n wá ibi tí màá sùn nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Kí n má sùn sí ipadò. Kí n má sùn sábẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Kí n fi igi gígùn lu ilẹ̀ abẹ́ àpáta kí n tó tẹrí wọlé, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè bá tirẹ̀ lọ. Kí n já ewé, kí n tò ó títí yóò fi ga dé orúnkún, nítorí òkúta máa ń fa ooru ara èèyàn. Nínú àgbàlá wa l'Ọ̀kà lẹ ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn mí, ẹ ó fi ọwọ́ wọn orúnkún mi, ẹ ó ní kò tíì tó, kí n kún un. Lẹ́yìn náà ni ti ewé oríta, èyí tí ẹ kì í fi ṣeré: kí n já ewé tútù, kí n tẹ́ ẹ sí oríta, kí n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí ṣóńṣó ewé kọjú sí ibi tí mo gbà lọ. Ẹ búra pé ẹ fi irú ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Sọjí wá. Bọ̀dá búra pé òun ò rí ewé kankan. Màmá ní inú igbó ni, ta ni yóò máa ka ewé.

Mo rò ó, mo tún un rò. Kí ni bàbá fẹ́ fi ọmọbìnrin ṣe, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sùn sínú igbó? Mo ní ẹ fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí yín lọ́dọ̀ Màmá ni. Nígbà tí ẹ ní kí n bá yín lọ sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí n wò ó, mo ní inú ń run mí. Ẹ tún bẹ̀ mí ní ẹ̀ẹ̀kan sí i ní àsìkò ọlidé. Inú tún run mí.

Ìgbà náà ni ife mi sọnù. Ẹ rántí rẹ̀, ife rọ́bà pupa, tí ẹ fi ìṣó gbígbóná kọ orúkọ mi sí ìdí rẹ̀. Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo lọ bá Màmá, mo sọ fún wọn pé mo rí yín tí ẹ fi aṣọ wé e, tí ẹ ń gbé e lọ fún ọmọ obìnrin Etioro. Bàbá, mi ò rí nǹkan kan. Inú ló ń bí mi. Kò tó oṣù kan tí Màmá fi kó ẹrù tèmi tiwọn, a wá sí Ìkàrẹ́, a ò padà mọ́. Ẹ ń gbé iṣu wá títí ẹ fi darúgbó, ẹ ó dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á gba iṣu, wọn ò ní ní kí ẹ wọlé. Èmi náà wà nílé.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọjọ́ Ẹtì. Mo fura sí ẹni tó ń bá wa ṣọ́ kòkó oko yín, pé ó ń tà á lẹ́yìn wa. Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Màmá nìkan ni mo sọ fún. Ọlọ́kadà gbé mi dé etí odò, ó ní òun á padà wá láago márùn-ún. Mo sọdá lọ sóko, mi ò bá ẹni náà, kọ́kọ́rọ́ ahéré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin. Nígbà tí mo fi dé odò, ó ti kún, ó ń wọ́ igi lọ, n ò sì rí ọlọ́kadà ní òdìkejì. Fóònù ò mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí báyìí, wọ́n ń gbé èèyàn lọ lójú ọ̀nà, èmi ò lè máa dá rìn lọ sí Etioro nírọ̀lẹ́. Òjò dá díẹ̀, oòrùn yọjú, mo na ọwọ́ sí i. Ìka mẹ́rin ni. Mo bú sẹ́kún, mo já ewé, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sí oríta.

Mo rí àpáta náà bí ẹ ṣe júwe rẹ̀. Mo lu ilẹ̀ títí igi fi kán lọ́wọ́ mi. Ibùsùn méjì ni mo bá níbẹ̀, tí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ká, ọ̀kan gùn, ìkejì kúrú, òun ni ẹ tì sí inú lọ́hùn-ún níbi tí atẹ́gùn ò dé. Ẹ wo ọkàn mi o. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ẹ̀hẹ̀n, ibùsùn ọmọ obìnrin Etioro rè é. Mo rí agolo mílíìkì ńlá lẹ́bàá ògiri, tí ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ dí ìdérí rẹ̀. Mo fi òkúta ṣí i. Ìṣáná wà níbẹ̀, ògùṣọ̀ wà níbẹ̀, ó gbẹ dáadáa. Ife pupa kan sì wà nísàlẹ̀.

Mo dáná kí n tó yí ìdí rẹ̀ wò. Orúkọ mi ni. Ṣúgà oníhóró mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá, irú èyí tí mo máa ń jí jẹ lórí àwo yín, tí ẹ ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Kò pọ́n, kò yọ́. Ṣúgà àtijọ́ kọ́. Bàbá, ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ti bímọ mẹ́ta, ẹ ṣì ń gbé ṣúgà síbẹ̀ dè mí? Mo to ewé sí ibùsùn kúkúrú náà títí ó fi dé orúnkún, mo sùn sí i, ẹsẹ̀ mi yọ síta. Mo jẹ ṣúgà, mo sunkún, mo tún jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti dá yín láre pátápátá. Òjò ló dá mi dúró. Kí ló ń dá ẹ̀yin dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò gbẹ, tí òṣùpá mọ́lẹ̀? Mo ń bi yín. Àbí ilé wa ló ti le jù láti padà sí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Sọjí. Màmá ló tún rán an. Láti orí àpáta ni mo ti ń wò ó. Ó dé oríta, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá lórí ewé mi, kò wo ilẹ̀. Ó lọ sí ahéré, ó mi àgádágodo, ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí padà. Bí mi ò bá pariwo pè é, ìròyìn tó gbé lọ nípa yín náà ni ì bá tún gbé lọ nípa mi.

Mo gbé ife náà síwájú Màmá. Mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, gbogbo rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹni tó gbé ife kan pa mọ́ sí abẹ́ òkúta lè gbé òmíràn pa mọ́ sí Etioro.” Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, wọ́n sì wò mí.

“Ṣé òjò kì í wọlé síbẹ̀?”

Mo ní kì í wọlé. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n mú ife náà, wọ́n lọ fọ̀ ọ́, wọ́n pẹ́ nídìí omi ju bí ife kan ṣe gbà lọ.

Wọ́n ti ń pè mí láti kíṣìnì báyìí, pé kí n kó ìwé mi kúrò lórí tábìlì. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀kà ló wà ní èjìká wọn. Mo ní ibo ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ṣé èèyàn ò lè lọ aṣọ nílé ara rẹ̀ mọ́ ni. Bàbá, ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Mo ti fura.

Èmi ni, ọmọ yín tó jẹ ṣúgà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta ibùsùn tí ẹ tẹ́ dè é.