Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Gé: Sí Kasdi, Ní Ọdún Kẹta

Kasdi, ọkọ mi, Bàbá Wuryani, ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, kì í ṣe Wuryani. Nígbà tí o wà láyé, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ ìwé.

Wuryani ti di agbẹ̀bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Ambarawa, àwọn aboyún sì fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í jágbe mọ́ wọn. A ti tún òrùlé ṣe, òjò kò rí ibi wọlé mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ Tukijan ló ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ báyìí. Ó fẹ́ kùn ún lọ́dà tuntun, mo ní kó kùn ún, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan àwòrán òkè tí o yà sẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Drajat ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mi ò gbàgbé. Ọwọ́ Drajat, oní-ṣọ́ọ̀bù ìwé àyálò, lo ti ń yá ìtàn Ranggani, ọmọbìnrin oníidà tí ọba iwin jí orúkọ rẹ̀ gbé. Ìwé náà nípọn, Drajat sì ti fi ọ̀bẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi páálí bo ìkọ̀ọ̀kan, kí èèyàn púpọ̀ lè máa yá a lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo àwọn tó ń fi ìwé yáni ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò fìyẹn bá a wí. Ìwọ a jókòó síbi tí èrò máa ń jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ rẹ, ẹsẹ̀ lókè, sìgá oníkànáfùrù lẹ́nu, wàá máa kà á sókè fún gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní ìdíkọ̀. Ẹnì kan yá a, gbogbo ìdíkọ̀ gbọ́ ọ. Ohun tó ń jó Drajat lára nìyẹn.

Mi ò gbàgbé. Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá ọ dùbúlẹ̀, abala tó kẹ́yìn nìkan ló kù tí o kò tíì kà. O rán Wuryani. Drajat mú abala náà wálẹ̀ lórí pẹpẹ, ó fi han ọmọ náà, ó sì dá a padà.

"Sọ fún bàbá rẹ," ó ní, "pé kó ké sí àwọn tó ń kàwé fún lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá sọ bó ṣe parí fún un. Àbí ìyá rẹ ni yóò kà á fún un? Ìyá rẹ tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri?"

Ẹkún ni Wuryani sun délé. O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà ọ́. O ní, "Ó dáa. Bóyá Ranggani gba orúkọ rẹ̀ padà, bóyá kò gbà á." O kò rí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé. Àwọn obìnrin àdúgbò ní mo mà jẹ́ akíkanjú. Kì í ṣe akíkanjú. Ìbínú ló kọ́ mi ní ìwé, Kasdi. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá kọ, ojú Drajat ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, Wuryani gbọ́ pé wọ́n ti tún ìtàn náà tẹ̀, pé odindi rẹ̀ wà nínú ìwé kan ṣoṣo. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jogja, sí ọjà ìwé. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, òun ni Wuryani fẹ́. Mo wá ibi tí Ranggani ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣọ̀rẹ́, ibi tí o máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n gé díẹ̀ kúrò ni, Ìyá," ni ọmọbìnrin tó ń tà á wí. "Kó lè yá kà."

"Mo mọ ẹnì kan tó fẹ́ràn gígé," mo ní. "Gbé e kúrò níwájú mi."

Ìkejì pé, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ dà bí ìdin, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ṣí i, ewé kan tú sí mi lọ́wọ́. Ìkẹta tóbi bí ìrọ̀rí. Òwú ni wọ́n fi rán an, bí mo bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, kì í pa dé fúnra rẹ̀.

"Èyí wúwo o," ni ọmọ náà ní. "Ẹ fẹ́ kà á ni, àbí ẹ fẹ́ sọ ọ́ lu èèyàn?"

"Méjèèjì," mo ní. Wuryani dojú bolẹ̀, ẹ̀rín ń pa á.

Òun ni mo rà. Lẹ́yìn ìrun Àsárì lójoojúmọ́, Tukijan a gbé kẹ̀kẹ́ rẹ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Drajat gan-an, èmi a jókòó síbi tí ìwọ máa ń jókòó sí, màá kà. Níbẹ̀rẹ̀ mò ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Tukijan ní, "Ìyàwó wa, ẹ rọra, a ò lé bọ́ọ̀sì." Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá, àwọn oníbàárà Drajat náà wá.

Drajat jáde. "Ìyá Wuryani, ẹ ń ba ọjà mi jẹ́."

"Èmi ò ta nǹkan kan, Bàbá. Ọ̀fẹ́ ni."

Kí àsìkò òjò tó parí, ó ti kó ìwé sẹ́yìn, káàdì ìpè ló ń tà. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn gan-an.

Nígbà tó ku abala tó kẹ́yìn, mo dá kíkà dúró. Mo ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Ìtúnu Ààwẹ̀ dé. O mọ ìṣe wa: gbogbo ènìyàn ń ti ilé dé ilé tọrọ ìdáríjì, a kì í sì í fi du ẹnikẹ́ni. Drajat wá. Ó ní kí n fi orí ji òun, ẹ̀ṣẹ̀ gbangba àti ti kọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ kọ́ nìyí, Bàbá Drajat. Itẹ́ òkú ló wà. Ẹ lọ ka èyí tó kù fún un."

Kò lè sọ pé rárá lójú àwọn èèyàn.

Ní òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn tí a ti ka Yáásínì, tí a ti da òdòdó sórí sàréè rẹ, Drajat dúró níbi orí rẹ, ìwé ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìdíkọ̀ wà níbẹ̀. Oòrùn mú, ìwé wúwo, òógùn bò ó. Wuryani fẹ́ fún un lómi, mo di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó kà á tán pátápátá.

Nítorí náà o ti gbọ́ ọ. Ranggani gba orúkọ rẹ̀ padà, ó sì jẹ́ kí ọba iwin máa lọ láàyè. Tukijan ní ó yẹ kó bẹ́ ẹ lórí. Èmi àti Tukijan, ọ̀rọ̀ wa bára mu.

Drajat nu ojú. "Ṣé ó ti tán láàrin wa báyìí?"

Mo ní, "Ẹ tún ojú ewé tó kẹ́yìn kà. Ó máa ń fẹ́ gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì."

Ó tún un kà.

Kasdi, mi ò tíì dárí jì í. Bí ìwọ bá ti dárí jì í níbi tí o wà, ọ̀rọ̀ tìrẹ nìyẹn, o lójú àánú jù. Bí ìbínú yìí bá tán lọ́jọ́ kan, àárò rẹ kò ní tán. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọkọ mi, ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ ọ́n kọ.