Ibi tí Ọkọ̀ Wa ti ń Pín sí Méjì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá
Ọkọ̀ ojú irin tún fi mí sílẹ̀ ní Hartfelden. Ẹ̀bi mi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u sí méjì nírọ̀lẹ́: ìdajì iwájú á gba Obermoos lọ, ìdajì ẹ̀yìn á gba Riedbach, níbi tí mò ń gbé. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ iwájú ni mo máa ń jókòó sí — nítorí Ìyáàfin Lechtaler, ará Obermoos, tó máa ń jókòó níbẹ̀. Tá a bá ti dé Hartfelden, mo di olè tí wọ́n ń lé, mò ń sáré lọ sẹ́yìn. Lónìí ilẹ̀kùn tì mọ́ mi nímú. Òjò. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ọkọ̀ ò wá. Ìyá Ẹ-Má-Bínú (ohùn inú ẹ̀rọ ìkéde yẹn) ní iná tó ń darí ọkọ̀ lójú irin ló bàjẹ́, ká má bínú. Mo bínú.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ìyáàfin Lechtaler ní ajá òun ti jẹ ìbọ̀wọ́ òun. Ó wá ní: "Ọ̀gbẹ́ni Pfrommer, ṣé eré yìí kì í rẹ̀ yín ni? Ẹ ò ṣe kúkú jókòó sẹ́yìn?" Mo ní iwájú ló móoru jù. Òmùgọ̀ ni mí! Ó rẹ́rìn-ín pé ooru kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo wa.
Ó ti pé ọdún kan tá a ti mọra, "ẹ" la ṣì ń pe ara wa. Níbí, àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ pé "jẹ́ ká máa pe ara wa ní ìwọ". Ó jọ pé ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Mò ń dúró dè é. Àbí kò fẹ́ ni?

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Ọkọ̀ kúkurú ló wá, ìdajì péré. Mo dúró síwájú pátápátá níbùdókọ̀ — àárín ló lọ dúró sí. Gbogbo wa sáré. Bàbá kan ń pariwo: "Ẹ wọnú lọ, ẹ̀yin ará! Ṣé ẹnu ọ̀nà lẹ fẹ́ kọ́lé sí ni?" Mi ò rí Ìyáàfin Lechtaler.

Ọjọ́ Ajé, 13
Kò sí nínú ọkọ̀. Bóyá òtútù mú un. Bóyá èmi ló ń sá fún.

Ọjọ́rú, 15
Ó ti dé, ó ń wúkọ́. Ọkọ̀ kúkurú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Ẹ-Má-Bínú ní a ò ní pín lónìí: Obermoos nìkan là ń lọ, kí ará Riedbach sọ̀ ní Hartfelden kí wọ́n dúró de òmíràn. Mo bú wọn tán, mo dìde. Ìyáàfin Lechtaler di okùn báàgì mi mú.
Ó bi mí pé ta ló ń dúró dè mí nílé. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní ọdún wo ni wọ́n tiẹ̀ bí mi. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Háà! Èmi làgbà! Irun funfun yín ló tàn mí jẹ. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń retí pé kí ẹ̀yin kọ́kọ́ sọ ọ́."
Ilẹ̀kùn ṣí. Òtútù wọlé. Ará Riedbach ń sọ̀, wọ́n ń ṣépè.
"Jókòó," ló wí.
Kò fi "ẹ" sí i. Mo jókòó.