Ohun Tí Mo Fi Owó Káàdì Rà

Àbúrò mi, Agbábọ́ọ̀lù Orí Àga,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ní kí n kí ẹ. Orúnkún wọn ti sàn díẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán náà ń lọ.

Kọ̀ǹpútà géèmù tí o fowó ẹ̀ ránṣẹ́ ti wà nílé, ó ń tàn yòò lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ṣùgbọ́n má bínú, mi ò ra káàdì àwòrán olówó gọbọi tí o kọ sílẹ̀, èyí tó ń mú kí àwòrán géèmù dán, mi ò sì ra sikirínì ńlá yẹn. Àwọn tó kéré ni mo rà. Ẹni tó bá wa tò ó pọ̀ béèrè bóyá orí mi pé! Owó tó ṣẹ́ kù ni mo fi ra hẹ́dífóònù méjì tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, tèmi kan, ti Bàbá kan.

Ohun tí Bàbá ní kí n má sọ fún ẹ nìyí: ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ń tọ́jú wọn, ara wọn le, wọ́n ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí èmi àti ìwọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á ní, "Ṣé ó wọlé?"

Nítorí náà, ní Sátidé, tí èmi níbí àti ìwọ lọ́hùn-ún bá jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ròyìn bọ́ọ̀lù wa bíi ti rédíò, kí Bàbá lè máa fi hẹ́dífóònù wọn gbọ́ ọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ròkè, á fi ayọ̀ mú ẹ wálé bá wa.

Má sì parọ́ o. Tí mo bá gbá a wọlé ẹ, pariwo ẹ̀ kí Bàbá gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin