Ohun Tí Kò Sí Nílé

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta
Kí n tó kí ẹnikẹ́ni: owó ilé-ìwé Oníbéèrè ọmọ mi ti pé. Mo san èyí tó ṣẹ́kù láàárọ̀ yìí. Ẹni tó jẹ gbèsè, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó yá, ìwé mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí — Aláwò ni mò ń pè é, torí awò ojú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ tún ètò ẹ̀kọ́ tò. Ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ á gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Físíìsì àti ìtàn di ti àwọn tó kù. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin télọ̀ la fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa kọ́ wọn ní ìránṣọ.” Owó oṣù wà ńbẹ̀! Mo ní kí n lọ rò ó.

Ìṣẹ́gun, 3
Mo rò ó. Ó dùn.

Ọjọ́rú, 4
Oníbéèrè ń bá mi ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì. Ó bi mí pé kí ló ń mú mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ gbóná. Mo ní kó bi bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó bi mí. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ fi sílẹ̀, a máa kọ́ ọ ní físíìsì lọ́dún tó ń bọ̀.”
Kò mọ̀ pé físíìsì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ télọ̀.
Ìránṣọ, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mi. Ta ní ń ra omi nígbà tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

Ẹtì, 6
Mo sọ fún Baálé mi pé n ò gbaṣẹ́. “Owó wọlé, o lé e jáde?” Ó yí padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà: “Ṣáà má pariwo jù níbi ìpàdé òbí lọ́la.” Èmi kẹ̀!

Àbámẹ́ta, 7
Ìpàdé òbí. Gbọ̀ngàn kún. Aláwò ṣàlàyé — ọmọ télọ̀ sídìí abẹ́rẹ́, ọmọ mẹkáníìkì sídìí sípánà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n dìde wá gbè é lẹ́sẹ̀.
Mo dìde. Mo ní ohun tí kò sí nílé ni mò ń wá lọ sílé-ìwé. Kí ọmọ télọ̀ kọ́ físíìsì, kí ọmọ dókítà náà mú abẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì kan ké láti ẹ̀yìn: “Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí mi!” Ẹ̀rín ta. Dókítà kan dìde, mo rò pé èébú ló kàn. Ó ní ọmọ òun ti ga ju òun lọ, kò tíì lè rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.
A nawọ́ sókè. Aláwò kà á, ó tún un kà. Tiwa ló pọ̀ jù! Gbogbo ọmọ á kọ́ méjèèjì.

Àìkú, 8
Mo jó nínú ilé ìdáná. Oníbéèrè ní bí físíìsì bá wá le jù ńkọ́? Mo ní kí olùkọ́ rẹ̀ làágùn.

Ajé, 9
Aláwò ní ó di ìgbà tí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i, ká fún àwọn láyè. Mo mọ irú àyè yẹn — oníbàárà tó ní òun ń padà bọ̀. Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní ta ló máa kọ́ ọmọ dókítà ní ìránṣọ? Ọjọ́ tí físíìsì bá wọlé fún gbogbo ọmọ ni èmi náà á wọlé, lówó oṣù tí ó fẹnu ara rẹ̀ dá. Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀.
Ó ní òun á ránṣẹ́ sí mi. Mo ní nígbà wo?
Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì. Ọjọ́bọ̀ yìí, kì í ṣe Ẹtì.