Ewé Kún Ẹ̀yìn Mọ́sálásí

Ilo-Awela,
Sàngó-Ọ̀tà.

Ọmọ mi Ìsmáílà,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ìlọrin ń kọ́? Mo nírètí pé ara yín le, pé òjò yìí kò fi òtútù bá yín jà. Ní tèmi, mo ń jí, mo ń kírun, mo sì ń jókòó síbi tí o ní kí n jókòó sí. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá ti ní "Ìsmáílà," wàá ní, "Màmi, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní kíláàsì." Lẹ́tà ò mọ kíláàsì. Jókòó kà á.

Àwọn kòkòrò sílíkì bàbá rẹ ti kú tán. Gbogbo wọn ni o.

O ò fẹ́ràn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ mú ẹyin wọn dé láti Ìbàdàn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pépà wínníwínní bí èso tẹ̀tẹ̀, ẹ̀rín lo bú sí. O ní ṣé iṣẹ́ tó kù fún àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin ni kó máa sin ìdin nínú pálọ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, kò kàn jẹ́ kó hàn sí ọ ni. Bàbá tó bí i hun sányán, aṣọ òfì tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò hun, títí dọjọ́ ikú ní Ìsẹ́yìn. Òun ò rí òfì jogún, ìdí iná irin ní Sàngó ló lo ayé rẹ̀ sí. Ohun tó ń wù ú ò ju kó rí òwú tó jáde láti ilé tirẹ̀, kó gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n fi hun fìlà fún un. Fìlà kan péré!

O ò sí nílé, o ò mọ bí a ṣe tọ́jú wọn. A ki ẹsẹ̀ tábìlì wọn bọ inú agolo omi kí èèrà má baà gùn ún. Mi ò tan kọ́ìlì ẹ̀fọn mọ́, mi ò fín lọ́fíndà, mi ò sun tùràrí ní Jímọ̀, torí èéfín àti òórùn lè pa wọ́n. Ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ewé mọ́bẹ́rì nìkan ni wọ́n ń jẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láti ara igi tí bàbá rẹ gbìn sórí ilẹ̀ wa lẹ́yìn mọ́sálásí. Èéfín ilé iṣẹ́ a máa bà lé ewé yẹn, nítorí náà mò ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, inú á run wọ́n.

Ní òwúrọ̀ tí ẹyin yẹn pa, bàbá rẹ pariwo pè mí, "Kùdí, wá wo àwọn ọmọ wa!" Wọ́n dúdú, wọ́n tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń gbé wọn sórí ewé tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ni àyà dì í mú. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń gbé e lọ sí ọsibítù, kò dárúkọ rẹ, kò dárúkọ mi. Ó ní, "Má jẹ́ kí ebi pa wọ́n o." Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ sin ín, o dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, o ò tilẹ̀ jókòó. O ní, "Màmi, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ fi máa wà nínú opó. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ kọjá géètì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni." Mo ní ewé ń kọ́? O ní, "Ewé kẹ̀? Màá rán ẹnì kan sí yín." Èmi tí kéwú mi ò ju èyí tí mo fi ń kírun lọ, ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n. Mo gbà.

Joy tó ń gbé yàrá iwájú ló ṣàánú mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni o! Kó tó lọ síbi iṣẹ́ bísíkíìtì rẹ̀ láàárọ̀, á já ewé wá kún àpò. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn ní Àgbárá, ẹkún ló ń sun bó ṣe ń kó ẹrù. Àwọn kòkòrò ti bọ́ awọ ìkẹyìn nígbà náà, wọ́n funfun, wọ́n sanra, ó ku díẹ̀ kí wọ́n máa ta òwú. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun jù láyé wọn nìyẹn. Mo pè ọ́, o ní ẹni tí o rán ń bọ̀. Mo tún pè ọ́. Kíláàsì. Mo bẹ àwọn ayálégbé tó kù. Ọ̀kan ní òun ò lè fọwọ́ kan ohun tí ìdin ń jẹ, èkejì ní òun á wò ó bóyá àyè á wà.

Ìsmáílà, ṣé o ti rí ohun tí ebi ń pa tí kò lè ké rí? Wọ́n ń gbé orí sókè, wọ́n ń jù ú síhìn-ín, wọ́n ń jù ú sọ́hùn-ún, wọ́n ń wá ewé nínú afẹ́fẹ́. Mo já tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fún wọn, wọ́n rìn kọjá lórí rẹ̀. Mo dé ìdí géètì, mo di irin rẹ̀ mú, ohùn rẹ sọ sí mi létí, mo padà. Mo rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọ́n dúdú, wọ́n ń rùn. Àwọn mélòó kan gbìyànjú àti ta òwú, kò nípọn ju ti aláǹtakùn lọ. Ìgbálẹ̀ pálọ̀ ni mo fi gbá wọn dànù.

Àná ni Lèmọ́mù Sírájúdéènì àti ìyàwó rẹ̀ wá kí mi. Ó ní, "Ìyá Ìsmáílà, ẹ ò já ewé yín mọ́ ni? Ewé kún ẹ̀yìn mọ́sálásí, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́." Mo ní, "Bàbá, ṣebí inú opó ni mo wà." Ó ní, "Opó lè jáde lọ́sàn-án lọ ṣe ohun tó kàn án, kó má ṣáà ṣe ọ̀ṣọ́, kó sì padà sùn nílé ọkọ rẹ̀. Ìsmáílà ò sọ fún yín ni? Ó bi mí nípa ewé yìí gan-an lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sì dá a lóhùn." Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́. Mo ti gbọ́.

Àṣé o mọ̀. Háà, Ìsmáílà! O mọ̀, o sì fi orúkọ Ọlọ́run tì mí mọ́lé. Ká ní o sọ pé ojú ń tì ọ́ ni, pé o ò fẹ́ kí wọ́n rí ìyá Àfáà tó ń ru àpò ewé ìdin kọjá níwájú mọ́sálásí, inú ì bá bí mi, ṣùgbọ́n ǹ bá wọ hìjáàbù mi jáde. Ṣé èmi tí mo ru ata ní Iyana Iyesi kí o tó lè rí ilé kéwú lọ ni mo wá di ìtìjú? Kì í ṣe kòkòrò nìkan ni mò ń sunkún sí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ fi rán mi, o gbà á lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní ṣépè. Ọmú mi lo mu. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, iṣẹ́ rẹ ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ lọ́jọ́ ogbó. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ọmọ tìrẹ fi orúkọ Rẹ̀ parọ́ fún ọ láé. Ṣe àmín síyẹn dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ, opó bàbá rẹ,
Kùdírátù.

Mo tún ṣí àpòòwé yìí. Mo jáde láàárọ̀ òní, lẹ́yìn tí oòrùn ti ràn. Iwájú mọ́sálásí ni mo gbà, àwọn tí o tìtorí wọn tì mí mọ́lé jókòó síbẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá Ìsmáílà" ni wọ́n kí mi. Ọ̀kan dìde, ó bá mi fa ẹ̀ka wálẹ̀. Mo já ewé kún àpò. Ìgbà tí mo délé tí mo fi aṣọ nù ún tán ni mo rántí pé kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.