Bẹ́ǹṣì Oríta àti Apá Àbúrò Mi

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá àwa olùgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Gílóòbù iná, ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Bẹ́ǹṣì, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Nínú ẹgbẹ̀rún méjìlá tí àdúgbò wa dá, ẹgbẹ̀rún méjì ló kù lọ́wọ́ èmi aránṣọ tí wọ́n fi ṣe olórí ètò náà.

Oríta tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fọ́ ìgò mọ́ ara wọn lórí la so gílóòbù náà sí, a sì gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àgbà méjì á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ìjà dáwọ́ dúró. Iná á rọra dà sójú títì bíi wàrà, á sì máa ṣe mí bíi pé mò ń lálàá.

Lánàá, ọmọkùnrin tó dá àbúrò mi lápá nínú ìjà tó kẹ́yìn wá bá mi.

"Ìyá aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n máa bá àwọn àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbọ́ tèmi."

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ káfíńtà ni àbúrò mi, apá yẹn ò sì tíì lè gbé òòlù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kó kọ́kọ́ san owó ìtọ́jú mi, àbí orí apá mi lẹ fẹ́ kó jókòó lé ni?"

Bí mo bá béèrè owó, ọmọ náà kò ní. Á fi ìbínú padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, mo rẹ́ ọmọ ìyá mi jẹ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún la ṣì jẹ ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni ò tíì san án.